Bí Iná Kò Bá Tán Láṣọ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fa àga mọ́ra, nítorí ọ̀rọ̀ òní kan gbogbo ilé tí kọ̀ǹpútà wà.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Nígbà tí ẹ bá ṣí browser yín, ìyẹn Chrome, Firefox, Edge tàbí èyí yòówù tí ẹ fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, ṣé ojú ìwé tí ẹ̀yin fúnra yín yàn ló ń jáde? Àbí òmíràn tí ẹ kò mọ̀ rí ló ń yọjú sí yín? Nígbà tí ẹ bá ń wá nǹkan, ṣé Google tí ẹ mọ̀ ló ń dá yín lóhùn, àbí ìkànnì kan tó kàn jọ ọ́? Ṣé ìpolówó ọjà ń yọ níbi tí kò yẹ kó ti yọ, tí ẹ bá pa ọ̀kan, méjì á tún jáde? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹnìkan ti gba browser mọ́ yín lọ́wọ́. Sọ́fítíwíà kan ló wọlé, ó jókòó, ó sì ń fi ojú yín àti dátà yín pawó fún ẹni tó rán an wá. Adware ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti bá a jà. Wọ́n á dá ojú ìwé náà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, inú wọn á dùn, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti padà dé. Kí ló dé tó fi ń padà? Ibẹ̀ gan-an ni mo ń lọ.

Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ojú ìwé àjèjì tí ẹ ń rí, ìpolówó tó ń yọ lọ́tùn-ún lósì, ẹ̀jẹ̀ orí èékánná ni gbogbo wọn. Ẹ lè fọ èékánná láàárọ̀, kí ẹ tún fọ̀ ọ́ lálẹ́. Iná ṣì wà láṣọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju èyí lọ: ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí browser. Sọ́fítíwíà tó ń rán ìpolówó náà wá ni kí ẹ kọ́kọ́ wá kàn, kí ẹ yọ ọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó tún browser ṣe. Ohun tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣe ló máa sọ bóyá yóò padà tàbí kò ní padà mọ́.

Báwo ló ṣe wọlé? Kì í sábà já wọlé tipátipá. Nǹkan mìíràn ló máa ń bá wọlé, nǹkan tí àwa fúnra wa lọ wá. Ọmọ ilé fẹ́ sọ iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ di PDF. Bàbá fẹ́ wo fíìmù. Ẹnìkan fẹ́ gba orin sílẹ̀, òmíràn ń wá ohun tí yóò mú kọ̀ǹpútà rẹ̀ yára. Wọ́n rí ìkànnì kan tó ní ọ̀fẹ́ ni. Bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé mẹ́ta mẹ́rin wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló kọ Download sára, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló jẹ́ òótọ́. Wọ́n tẹ èyí tó tóbi jù. Fáìlì wọlé. Ó béèrè ọ̀rọ̀, wọ́n tẹ Next. Ó tún béèrè, wọ́n tún tẹ Next. Láàárín àwọn ìbéèrè wọ̀nyẹn, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n ti bá wọn fi àmì sí: pé wọ́n gbà kí a yí ojú ìwé àkọ́kọ́ wọn padà, pé wọ́n gbà kí a fi ìkànnì ìwá-nǹkan tuntun rọ́pò èyí tí wọ́n ń lò. Ta ló ka ibẹ̀? Ọ̀pọ̀ jù lọ wa kì í kà á. Kì í sì í ṣe ìkànnì játijàti nìkan ló ń ṣe èyí. Oracle kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kékeré. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá fẹ́ gba Java lọ́dọ̀ wọn máa ń bá ohun kan tó ń jẹ́ Ask Toolbar pàdé lọ́nà, àmì sì ti wà nínú àpótí rẹ̀ kó tó débẹ̀. Ẹni tí kò bá rántí yọ àmì yẹn, Java nìkan kọ́ ni yóò bá a délé.

Kí ló mú kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀? Owó ni. Ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí láti Google àti Yunifásítì New York gbé ìwádìí kan jáde lórí òwò yìí. Wọ́n rí i pé àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n máa kó sọ́fítíwíà ẹlòmíràn bọ inú kọ̀ǹpútà wa. Orí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbowó lé. Nígbà náà, owó náà lè jẹ́ sẹ́ǹtì 10, ó sì lè tó dọ́là kan ààbọ̀, ibi tí kọ̀ǹpútà náà wà ló máa sọ. Èyí tó bà mí lọ́kàn jẹ́ jù nínú ìwádìí náà nìyí: kí wọ́n tó kó ẹrù wọn wọlé, wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá antivirus wà lórí kọ̀ǹpútà náà, àti irú èyí tó jẹ́. Èyí tí antivirus náà lè mú, wọ́n á yọ ọ́ sẹ́yìn. Èyí tí kò ní mú ni wọ́n á kó wọlé. Ẹ tún gbọ́ èyí. Ní ọdún 2015, Google sọ pé nínú 100 ènìyàn tó ń wá sórí ìkànnì wọn, ó lé ní 5 tí ohun tó ń ki ìpolówó bọ ojú ìwé wà lórí kọ̀ǹpútà wọn. Nínú àwọn wọ̀nyẹn, ìdajì ló ní méjì ó kéré tán, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta tó ní mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé ẹ rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ? Iná kan ṣoṣo kọ́ ló wà láṣọ. Ẹni tó yọ ọ̀kan tó jókòó, tó ní òun ti ṣẹ́gun, mẹ́ta mìíràn lè wà níbẹ̀ tí yóò tún pe ẹlẹgbẹ́ wọn padà wá.

Àwọn kan á ní kí ló kàn wá, ṣebí àwọn tí kò lè kàwé dáadáa ló fà á fún ara wọn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Wọ́n ṣe ojú ìwé yẹn kí ènìyàn lè ṣì í tẹ̀ ni. Bọ́tìnnì tó ní mo gbà tóbi, ó ń tàn yòò. Èyí tó ní mi ò fẹ́ kéré, àwọ̀ rẹ̀ ṣú, a kì í tètè rí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n á ṣì í tẹ̀, ọmọ iléèwé á ṣì í tẹ̀. Ẹ má ṣe bú ọmọ yín, ẹ má sì bú ìyá yín tó kàn fẹ́ gbọ́ orin ẹ̀mí. Ẹni tí ojú bá ń tì kì í sọ ọ̀rọ̀ jáde, ẹni tí kò bá sì sọ ọ̀rọ̀ jáde, ìpolówó á máa bá a gbé fún oṣù mẹ́fà. Ẹ bi í léèrè pẹ̀lẹ́tù ohun tó gbà sílẹ̀ àti ọjọ́ tó gbà á. Ìdáhùn yẹn wúlò fún wa ju ìbínú lọ, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹlòmíràn á ní, ìpolówó lásán ni, kí ló lè ṣe? Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí òun ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ilé fọwọ́ lẹ́rán. Ní ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ Lenovo, tí gbogbo wa mọ kọ̀ǹpútà wọn, bẹ̀rẹ̀ sí ta àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí sọ́fítíwíà ìpolówó ti wà lórí wọn láti ilé-iṣẹ́ wá. Superfish ni orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fi àwòrán ọjà há àárín ohun tí ènìyàn bá ń wò. Ìpolówó lásán, àbí? Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣe é. Nígbà tí ẹ bá wọ ìkànnì báńkì, àmì ààbò máa ń wà. Àmì yẹn ń sọ pé wọ́n ti di ọ̀rọ̀ yín ní àdìpa, ẹnikẹ́ni kò lè kà á lójú ọ̀nà. Browser kì í sì í ṣàdédé gbà bẹ́ẹ̀. Ìwé ẹ̀rí wà tó máa ń yẹ̀ wò. Superfish fi ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ sínú Windows, kó lè máa tú ohun tí a ti dì, kó wo inú rẹ̀, kó fi ìpolówó sí i, kó tún dì í padà. Ẹ̀yin rò pé báńkì lẹ ń bá sọ̀rọ̀. Báńkì rò pé ẹ̀yin ni. Superfish ló wà láàárín. Kọ́kọ́rọ́ kan náà ni wọ́n sì lò fún gbogbo kọ̀ǹpútà wọ̀nyẹn. Ní oṣù kejì ọdún 2015, onímọ̀ ààbò kan, Robert Graham, tú kọ́kọ́rọ́ náà síta. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ní in lọ́wọ́, tó sì wà lórí Wi-Fi kan náà pẹ̀lú ẹni tó ní irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, lè ṣe bí ẹni pé òun ni báńkì onítọ̀hún. Ẹni tó ra kọ̀ǹpútà yìí kò tẹ Next kankan. Kò gba fíìmù kankan sílẹ̀. Ó kàn sanwó, ó gbé e lọ sílé.

Ẹ wá wo ibi tí ìtàn yìí ti kan ọ̀rọ̀ wa. Nígbà tí ariwo ta, àwọn ènìyàn sáré yọ Superfish kúrò bí a ti ń yọ sọ́fítíwíà yòówù. Ìpolówó lọ. Ọkàn wọn balẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí yẹn kò bá a lọ. Ó jókòó sínú Windows wọn, ewu náà sì wà bó ṣe wà. Ẹ̀jẹ̀ ti kúrò léèékánná, iná ṣì wà láṣọ. Lenovo ní láti gbé irinṣẹ́ pàtàkì jáde tí yóò yọ méjèèjì papọ̀, Microsoft náà sì kọ́ antivirus tirẹ̀ láti máa yọ ọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbèjà oníbàárà, pẹ̀lú ìpínlẹ̀ 32, parí ẹjọ́ kan pẹ̀lú Lenovo lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún yẹn kan náà, ilé-iṣẹ́ ààbò Check Point kéde òmíràn tó ń jẹ́ Fireball. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ kan ní Beijing, Rafotech, ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ló ń yí padà, bí èyí tí a ń sọ lónìí. Ṣùgbọ́n ó tún ní agbára láti kó sọ́fítíwíà yòówù tó bá wù ú wọlé. Microsoft sọ pé iye kọ̀ǹpútà tí Check Point pè pọ̀ ju bó ṣe rí lọ. Wọn kò sọ pé ewu náà kò sí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tó lè yí ojú ìwé yín padà láìbéèrè, kí ló kù tí kò lè yí?

Ká tiẹ̀ fi báńkì sílẹ̀. Àwa tí a ń fi owó wa ra dátà, ta ló ń san owó ìpolówó yìí? Gbogbo àwòrán tó ń yọ, gbogbo fídíò tó ń dá ṣe ara rẹ̀, dátà yín ló ń jẹ. Owó yín ni wọ́n fi ń polówó ọjà ọlọ́jà fún yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ ìpolówó tó ń gba browser mọ́ wa lọ́wọ́ là ń sọ. A ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. A ní ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí browser, sọ́fítíwíà tó ń rán an wá ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Ó wá ku bí a ó ṣe yọ ọ́. Bí kọ̀ǹpútà bá wà nítòsí yín, ẹ máa fojú bá mi lọ.

Ẹ kọ́kọ́ pa Wi-Fi. Èyí kò ní jẹ́ kó ránṣẹ́ sí ẹni tó rán an. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Settings ti Windows, ẹ lọ sí Apps, ẹ ṣí àkọsílẹ̀ gbogbo sọ́fítíwíà tó wà lórí kọ̀ǹpútà. Àyè wà níbẹ̀ tí ẹ fi lè tò wọ́n bí ọjọ́ tí wọ́n wọlé ṣe tẹ̀ léra. Ẹ tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Ìgbà yìí ni ìdáhùn tí ọmọ yín fún yín yóò ṣiṣẹ́. Ọjọ́ wo ni wàhálà bẹ̀rẹ̀? Kí ló wọlé lọ́jọ́ yẹn? Àwọn tó ń bára wọn rìn máa ń wọlé láàárín ìṣẹ́jú kan náà, ẹ ó sì rí orúkọ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ ṣọ́ra níbí o. Kì í ṣe gbogbo orúkọ tó ṣàjèjì ni ọ̀tá. Àwọn tí ẹ rí Intel, Realtek tàbí Microsoft Visual C++ lára wọn, àwọn ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Èyí tí kò bá yé yín, ẹ fi fóònù yín wá orúkọ rẹ̀ kí ẹ tó yọ ọ́. Tí ẹ bá wá ń yọ ọ́, ẹ ka ohun tó bá béèrè. Òmíràn á máa bẹ̀ yín pé kí ẹ fi òun sílẹ̀, á gbé bọ́tìnnì ńlá síwájú yín, bó ṣe tàn yín nígbà tó ń wọlé ló fẹ́ tàn yín nígbà tó ń jáde. Ẹ kà á tán kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ yọ gbogbo wọn, kì í ṣe ọ̀kan.

Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ tó ṣí browser. Ẹ wo àwọn extension rẹ̀, ìyẹn àwọn àfikún kéékèèké tó ń so mọ́ browser, ẹ yọ gbogbo èyí tí ẹ kò fi ọwọ́ ara yín fi síbẹ̀. Ẹ wo ìkànnì tó fi ń wá nǹkan, ẹ wo ojú ìwé tó fi ń ṣí. Ẹ wo àwọn ìkànnì tí ẹ ti gbà láyè kí wọ́n máa ránṣẹ́ sí yín. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ìpolówó tó ń yọ ní igun ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà ti ń wá. Ìkànnì kan ti sọ pé kí ẹ tẹ Allow kí òun lè mọ̀ pé ènìyàn ni yín, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè yín. Ẹ gba àṣẹ náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Chrome àti Edge tún ní ibi tí ẹ lè tẹ̀ kí gbogbo ètò wọn padà sí bó ṣe wà ní ìbẹ̀rẹ̀, Firefox náà ní tirẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù, àwọn ojú ìwé tí ẹ ti sàmì sí àti àwọn pásíwọ́ọ̀dù tí ẹ ti fi pamọ́ kò ní lọ.

Ṣé ó ti tán? Fún ọ̀pọ̀ ilé, ó ti tán. Ṣùgbọ́n tó bá tún padà, ẹ mọ̀ pé iná kan ṣì fara pamọ́ sí ìṣẹ́po aṣọ, mo sì lè sọ ibi tí ó máa ń sá sí. Àkọ́kọ́ ni àwòrán kékeré tí ẹ fi ń ṣí browser lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún eku tẹ̀ ẹ́, ẹ wo Properties, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Target sí. Bó bá jẹ́ Chrome, ó yẹ kó parí sí chrome.exe. Bí àdírẹ́sì ìkànnì kan bá wà lẹ́yìn rẹ̀, òun ló ń gbé yín lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ pa á rẹ́. Ibi kejì ni Task Scheduler, níbi tí Windows ń kọ iṣẹ́ tí yóò máa dá ṣe sí. Àwọn kan máa ń kọ orúkọ ara wọn síbẹ̀, kí kọ̀ǹpútà máa dá wọn padà nígbàkígbà tí ẹ bá tàn án. Ibi kẹta, ẹ wo inú Chrome bóyá ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àjọ kan ló ń bá yín ṣàkóso browser náà. Lórí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́, ìyẹn lè jẹ́ òótọ́. Lórí kọ̀ǹpútà ilé yín ńkọ́? Àjọ wo? Àwọn antivirus kan lè fà á lóòótọ́. Bí kò bá sí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹnìkan ti fi òfin tirẹ̀ dè yín lọ́wọ́, tí extension rẹ̀ kò fi ní ṣeé yọ. Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan wà tó mọ ọ̀pọ̀ irú ibi wọ̀nyí. AdwCleaner ni wọ́n ń pè é, ilé-iṣẹ́ Malwarebytes ló ni ín. Ẹ gbà á láti ìkànnì Malwarebytes fúnra wọn nìkan. Mo tẹnu mọ́ ọn: láti ọ̀dọ̀ wọn nìkan. Ẹ má ṣe tẹ ìpolówó tó ní fáírọ́ọ̀sì ti wọ kọ̀ǹpútà yín, pé kí ẹ wá gba oògùn rẹ̀ kíá. Àwọn kan náà ló ń ta àrùn, tí wọ́n tún ń ta oògùn.

Ẹnìkan lè ní, ṣebí mo ní antivirus, kí ló ń ṣe? Ìbéèrè gidi ni. Antivirus mọ olè. Ṣùgbọ́n sọ́fítíwíà yìí ní ìwé lọ́wọ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ tẹ mo gbà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ antivirus fi ń fojú fò ó, tàbí tí wọ́n ń béèrè kí ẹ kọ́kọ́ fún wọn láṣẹ kí wọ́n tó mú un. Windows ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ nínú Windows Security, lábẹ́ App and browser control. Ẹ lọ wò ó bóyá ó wà ní títàn. Òmíràn á ní òun yóò kàn fi Chrome sílẹ̀, òun yóò lọ sí Firefox. Bí sọ́fítíwíà náà bá wà nínú Windows, ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì ló lè dé. Òmíràn á ní kí a fọ gbogbo kọ̀ǹpútà nù, kí a bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Mi ò ní jiyàn pé kì í ṣiṣẹ́. Ìgbà mìíràn wà tí kò sí ọ̀nà míì. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí ohun tí yóò bá a lọ: fọ́tò ìgbéyàwó, ìwé iṣẹ́ ọmọ, ìwé ìṣirò ìsọ̀. Nígbà tí ẹ bá tún wọ Chrome pẹ̀lú orúkọ yín, Google lè dá gbogbo extension yín padà fún yín láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tó fi mọ́ èyí tí ẹ torí rẹ̀ fọ kọ̀ǹpútà. Ẹ rí i, bí ènìyàn tilẹ̀ ń fọ aṣọ tọ̀sán tòru, bí iná bá ti sá sí ibòmíràn, ọjọ́ tó bá wọ aṣọ ni yóò padà. Nítorí náà, ẹ yọ extension náà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà tí ẹ ń lo orúkọ kan náà lé lórí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí mo mọ̀ pé kò ní dùn létí gbogbo ènìyàn. Ọ̀pọ̀ wa ń lo sọ́fítíwíà tí wọ́n já, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní crack. A ní owó Microsoft Office pọ̀. Lóòótọ́ ló pọ̀, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó já a kò ṣe é nítorí ìfẹ́ yín. Ó kọ́kọ́ ní kí ẹ pa antivirus yín kó tó ṣiṣẹ́. Kí ló fẹ́ ṣe tí kò fẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ rí? LibreOffice wà, ó jẹ́ ọ̀fẹ́, ó ń kọ lẹ́tà, ó ń ṣe ìṣirò, ó sì ń ṣí fáìlì Word. VLC náà jẹ́ ọ̀fẹ́, fíìmù tí kò lè ṣe kò wọ́pọ̀. Ẹ gbà wọ́n láti ìkànnì àwọn tó ṣe wọ́n, kí ẹ sì ka gbogbo ojú ìwé tó bá jáde kí ẹ tó tẹ Next.

Ó ku ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, yálà ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Ẹ rántí àwọn tó ra Lenovo tuntun wọ̀nyẹn, tí wọn kò tẹ nǹkankan. Kí ẹ tó fi orúkọ ímeèlì yín wọ inú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ṣe gbogbo ohun tí a sọ yìí. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ti ń lo èyí tí ìpolówó ti gbà, tí ẹ sì ti fi wọ báńkì, ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù yín padà lẹ́yìn tí ẹ bá ti lé e jáde tán, kì í ṣe ṣáájú. Orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn tó mọ́ ni kí ẹ ti ṣe é. Ti ímeèlì ni kí ẹ kọ́kọ́ yí, kí ẹ tó yí ti báńkì, nítorí ẹni tó bá di ímeèlì yín mú lè béèrè pásíwọ́ọ̀dù tuntun fún gbogbo ìyókù.